Bí Ẹ̀rọ Bá Dákú, Apá Ibo Ni Yóò Ṣubú Sí?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ti àṣà ìgbéyàwó tàbí ti oríkì tí a sábà máa ń rí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí èyí ṣí ojú ewé tó kàn o. Àpá tó wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ló rán mi níṣẹ́ sí yín.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì la dáwó jọ, a ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbẹ́gi kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń darí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 3018 nítorí pé ibi tó lè gbẹ́ jẹ́ nǹkan bí 300 mìlímítà ní òró àti 180 ní ìbú. A fẹ́ máa fi gbẹ́ ọpọ́n ayò àti pátákó orúkọ tà. Fún ẹni tí kò bá rí i rí, mọ́tò mẹ́ta, mọ́tò iná ni mo ń wí, kì í ṣe ọkọ̀, ló ń ti irin olójú mímú lọ sọ́tùn-ún sósì, síwá sẹ́yìn, sókè sódò. Mọ́tò kẹrin ló ń fi irin náà yí bí òkòtó. Pátákó ìdarí kékeré kan ló ń gba àṣẹ láti inú kọ̀ǹpútà, ètò tó sì ń túmọ̀ àṣẹ náà níbẹ̀ ni Grbl, èyí tí wọ́n ti fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2009. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tó kọ ọ́ ṣe. N kò bá wọn jà.

Lọ́jọ́ kan tí a ń gbẹ́ ọpọ́n lọ́wọ́, NEPA mú iná lọ. Láti 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ mìíràn tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu wa. Ínfátà gba ẹ̀rọ, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí a kò kíyè sí ni pé kọ̀ǹpútà kò sí lára ínfátà náà, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Àwọn mọ́tò mẹ́ta tó ń rìn parí ìwọ̀nba àṣẹ tó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yí kò dúró. Àṣẹ tó gbọ́ kẹ́yìn ni pé kí ó máa yí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó. Irin wá ń yí lójú kan nínú igi, igi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó ń rú èéfín. Bọ́tìnì ìdádúró kan ṣoṣo tí a ní, ojú kọ̀ǹpútà tó ti kú yẹn ló wà! Ẹ̀yìn ẹ̀rọ sì ni ihò iná wà. Mo na ọwọ́ kọjá lórí irin láti lọ yọ wáyà, apá bùbá mi sì bọ́ sí i. Aṣọ ló kọ́kọ́ lọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bùbá náà ti gbó, ó tètè ya.

Ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún mi ni pé n kò ṣọ́ra. Wọn kò purọ́ tán, nítorí ta ní ń wọ bùbá alápá gbọọrọ dé ìdí ẹ̀rọ tó ń yí? Àwọn mìíràn ní ohun ìṣeré lásán ni ẹ̀rọ náà, kí ni mo ń pariwo sí. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn yapa. Ìṣọ́ra dára, ṣùgbọ́n ènìyàn ni olùṣọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń gbàgbé, ẹ̀rù sì ń bà á nígbà tí èéfín bá ń rú. Wáyà yóò já lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà yóò sùn, iná yóò lọ. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń to ẹ̀rọ bi ara rẹ̀ ni pé, nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣé apá ìdúró ni ẹ̀rọ yóò ṣubú sí ni, àbí apá ìpalára?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1869, George Westinghouse ará Amẹ́ríkà ṣe bíréèkì tí ń fi afẹ́fẹ́ dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá afẹ́fẹ́ bá já, bíréèkì kò sí mọ́ nìyẹn. Nígbà tó di 1872, ó yí i padà: afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá kò ní í tẹ bíréèkì mọ́, òun ni yóò máa ká a lọ́wọ́ kò. Bí ọ̀pá bá já, afẹ́fẹ́ jáde, bíréèkì mú, ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò wa. Bí ọlọ́dẹ kan bá ní òun yóò pariwo bí òun bá rí olè, tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́jú, ẹ kò mọ̀ bóyá àlàáfíà ni tàbí ó ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu òpó iná ní wákàtí wákàtí, bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Irú ọlọ́dẹ kejì ló yẹ kí súìṣì tó wà ní òpin ojú ọ̀nà ẹ̀rọ jẹ́: kí iná máa gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, kí ó gé e nígbà tí ẹ̀rọ bá kàn án. Bí eku bá jẹ wáyà rẹ̀, ẹ̀rọ yóò rò pé òun ti dé òpin, yóò dúró. Bí a bá tò ó lódì kejì, wáyà á já, a kò ní mọ̀, àfìgbà tí ẹ̀rọ bá forí sọ irin. Àwọn tó kọ ètò Mach3 pàápàá mọ àṣà ọlọ́dẹ yìí. Wọ́n ṣe é kí kọ̀ǹpútà lè máa lu agogo ní ìgbà 12,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti fi sọ pé òun wà láàyè. Bí agogo bá dákẹ́, pátákó ìdarí tó bá mọ èdè agogo yìí yóò gé iná mọ́tò.

Ẹnì kan lè ní ètò inú kọ̀ǹpútà tó láti ṣọ́ gbogbo èyí. Kí ó gbọ́ ìtàn Therac-25, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Láàárín 1985 sí 1987, ènìyàn mẹ́fà ló gba ìtànṣán tó pọ̀ ju èyí tó yẹ lọ fíìfíì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Irú àṣìṣe yìí wà nínú ètò Therac-20 tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn ní ìdènà tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Fíùsì rẹ̀ á kàn jó, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Wọ́n yọ ìdènà yìí nínú Therac-25 nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ètò.

Nítorí náà, ní tèmi, bọ́tìnì pupa olórí olú gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹ̀rọ, níbi tí ọwọ́ kò ti ní í kọjá lórí irin, kí ó sì gé iná mọ́tò fúnra rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Kọ́ńtátọ̀ ni a fi ń ṣe èyí. Iná ló ń dì í mú. Bí iná bá lọ, ó já sílẹ̀, bí NEPA bá sì dá a padà ní òru, kò ní í mú àfi bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó de ẹ̀rọ ìgbẹ́gi ọlọ́wọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ wọn, tí súìṣì rẹ̀ ń wà ní títàn bí iná tilẹ̀ lọ. Ìlànà àgbáyé ISO 13850 náà ní bí a bá tú bọ́tìnì pupa sílẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tìtorí èyí nìkan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n iná gígé kì í tán gbogbo ọ̀ràn o. Nínú ẹ̀rọ ńlá tí orí rẹ̀ wúwo, mọ́tò ló ń gbé orí náà dúró lókè. Bí a bá gé iná rẹ̀ pátápátá, orí lè yọ̀ wálẹ̀ lé ọwọ́ ẹni. Irú èyí ń fẹ́ sípíríǹgì tó ń fà á sókè, tàbí bíréèkì irú ti Westinghouse tó ń mú nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ èyí tó wà nínú mi. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, a máa ń pàtẹ́wọ́ bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa wáyà kan yọ lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ohun tó bá ṣẹlẹ̀ fún un ní máàkì. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, àwọn káfíńtà ìlú wa ti ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ṣáínà ni ìkìlọ̀ inú ìwé tiwa wà. Ẹ bá wa kọ ọ́ lédè tí ọmọ iṣẹ́ yóò kà.

A ti to bọ́tìnì àti kọ́ńtátọ̀ sí tiwa, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá owó ẹ̀rọ. A fa àwọn wáyà rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó. Ó dúró nígbà gbogbo. Ohun kan ló kù tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa: ẹnu irin kọ́ńtátọ̀ fúnra rẹ̀ lè jó lẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó má já mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń to méjì tẹ̀ léra, kí ọ̀kan lè gé iná bí èkejì bá kọṣẹ́, kí àyẹ̀wò sì wà lórí méjèèjì. A ti ra èkejì. Yóò wà lórí ẹ̀rọ kí a tó wọlé sáà tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wá fa wáyà yọ láti dán an wò, kí ó wá, kí ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.