Ọmọ Tó Gbá Bọ́ọ̀lù fún Ilé-ìwé, Ta Ló Kọ́ Ọ Ní Ìwé?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo mú wá lónìí, inú sì ń bí mi.

Ní Atakpamé níhìn-ín, bí ilé-ìwé méjì bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo àdúgbò ló ń jáde. Èyí kò burú. Èmi náà ń lọ. Ohun tó burú ni ohun tí wọ́n ń fi ojú àwọn ọmọ náà rí. Bí ìdíje bá dé, wọ́n á kó wọn kúrò ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ kan á di méjì. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ wọn ní ohun tí àwọn yòókù ti kọ́. Bí ìdánwò BEPC bá dé tí ọmọ kùnà, wọ́n á ní olódo ni. Ife ẹ̀yẹ á wà lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ á wà lóko.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ọkùnrin kan gbé ìwé wá pé kí ó fọwọ́ sí i, kí òun mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù lókèèrè. Ọmọ náà gbé e wá sí kíláàsì alẹ́ wa: "Olùkọ́, ẹ bá mi wò ó." Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé kékeré nìkan ni mo ka Faransé náà fún un! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá fara pa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san owó tí yóò fi padà sílé. Kò fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á ní: Adebayor ńkọ́? Òótọ́ ni. Lomé ni wọ́n bí Emmanuel Adebayor sí, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2008. Ẹ ka iye Adebayor tí Togo ti bí. Kí ẹ wá ka àwọn ọmọ tó wà lórí pápá wa ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú wàhálà yìí. Yunifásítì wọn ń fi bọ́ọ̀lù pa owó ńlá, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì í parí ẹ̀kọ́. Ní 2004, NCAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá níbẹ̀, ṣe òfin kan. Ẹ mú kálámù, ká jọ ṣírò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sanwó ilé-ìwé fún lè gba máàkì méjì ní sáà kan: ọ̀kan bí ó bá ṣì wà ní ilé-ìwé, ọ̀kan bí èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá tó. Ọmọ mẹ́wàá, máàkì 20. Bí ọmọ méjì bá kùnà nínú ẹ̀kọ́, ó ku 18. Ẹ pín 18 sí ọ̀nà 20, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1000: ó jẹ́ 900. Nígbà tó yá, 930 ni wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ní, bí a bá ṣírò ọdún mẹ́rin pọ̀. Ìyà tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi: wákàtí 20 tí wọ́n fi ń ṣeré lọ́sẹ̀ á di 16, wọ́n á fi mẹ́rin tó kù kàwé.

Wọn kò wojú ẹni ńlá. Yunifásítì Connecticut gba ife bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti ọkùnrin ní 2011. Ní 2013, wọn kò jẹ́ kí ó du ife náà, nítorí èsì ẹ̀kọ́. Ní 2014 ó padà, ó sì gba ife. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ń pa bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́?

Òfin náà ní àbùkù. Àwọn tí wọ́n dá dúró ní 2013, èsì àwọn tó ṣáájú wọn ló ṣe wọ́n. Àwọn yunifásítì ènìyàn dúdú tí kò lówó fún olùkọ́ àfikún náà sì jìyà gan-an. Nítorí náà n kò ní ká gbé e wá bó ti rí. Níhìn-ín, ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ni kí á bi, kí á tó fọwọ́ kan ọmọ. Ilé-ìwé tó bá mú ọmọ kúrò ní kíláàsì, kí ó dá ẹ̀kọ́ náà padà fún un. Bí kò bá ṣe é, kí ó jókòó sílé nígbà ìdíje.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Bí wọ́n bá wá mú ọmọ yín, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó pàdánù, ọjọ́ wo sì ni. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín.