Jíìpù Tó Ga Ju Ara Rẹ̀ Lọ

Nílé, ọ̀nà ló ń lé wa débi tí a fi ń gbé jíìpù sókè. Níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sókè, wọ́n á wá máa wá ọ̀nà tó burú kiri. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lè pàdé Land Rover Discovery àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1989 sí 1998, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà igbó kan ní Wales, tí ẹrẹ̀ ti bò ó dé fèrèsé, tí inú olówó rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ẹrẹ̀ tí ará Ṣàngó-Ọ̀tà ń fi èpè ṣan kúrò lára 4Runner rẹ̀ lásìkò òjò, epo ni tibí jó kó tó rí i.

Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì ń fọwọ́ kàn, irin náà kò sì mọ̀ bóyá fàájì ló gbé èèyàn dé ibẹ̀ tàbí kòtò. Ohun tí mo ń rí lọ́tùn-ún lósì ni pé wọ́n ń gbé ọkọ̀ tó ti rẹ̀ sókè láìkọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe é. Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún, tó ti lo ọgbọ̀n, sípíríǹgì rẹ̀ ti jókòó. Íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè ti lọ nínú gíga tó bá wá láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ní òun fẹ́ fi íǹṣì méjì kún un, ìdajì rẹ̀, gbèsè ló fi ń san.

Ẹ tún wo nǹkan kan tí àwọn tó ń ta sípíríǹgì gíga kì í fi ṣáájú ọ̀rọ̀. Lábẹ́ Discovery yẹn, irin gbọọrọ kan ló so táyà méjì iwájú pọ̀, òmíràn so ti ẹ̀yìn, ìkòkò gíà sì wú jáde lára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìkòkò yìí ló sún mọ́ ilẹ̀ jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbá òkúta. Bí ẹ fẹ́, ẹ fi sípíríǹgì gígùn jù lọ síbẹ̀, ara ọkọ̀ nìkan ni yóò gòkè. Ìkòkò náà ò ní kúrò níbi tó wà. Táyà ńlá nìkan ló lè gbé e, ìdajì sì ni yóò fún yín. Discovery tó ń lo táyà 205R16, tí wọ́n wá fi 235/85R16 sí i, táyà náà á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bíi mílímítà 64, àmọ́ nǹkan bíi mílímítà 32 péré ni ìkòkò máa fi kúrò nílẹ̀. Kí wá ni gíga sípíríǹgì wà fún? Kí táyà ńlá yẹn lè ráyè yí láìha ara ọkọ̀, kí ikùn ọkọ̀ sì lè kọjá lórí gegele. Ó tán.

Èyí tí mo rí ní Ìbàdàn nígbà tí mo lọlé kẹ́yìn, kò tiẹ̀ sí sípíríǹgì tuntun nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì náà fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ títí sípíríǹgì ẹ̀yìn fi là. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi ra rọ́bà dúdú kan tó nípọn, ó sì fi irin pẹlẹbẹ tì í wọ àárín òrùka sípíríǹgì méjì. Wọ́n ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ò rí i pé ó ti dìde?" Ó dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òrùka méjì tí rọ́bà há sí láàárín kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tó kù ló ń ṣe tiwọn mọ́ tẹni ẹlẹ́ni, sípíríǹgì tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò ti kán. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ mọ̀, nítorí gbogbo kòtò ni yóò máa kàn án níbàdí.

Iwájú 4Runner ìgbà 1990 sí 1995 tún yàtọ̀. Kò ní sípíríǹgì olórùka níwájú. Ọ̀pá irin kan ló nà lọ sẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, lílọ́ tí ọ̀pá náà ń lọ́ ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Bọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi sípánà yí i, imú ọkọ̀ á gbéra, ẹ ò sì ra nǹkan kan. Ẹ rí ìdí táwọn mẹkáníìkì fi fẹ́ràn rẹ̀. Àṣejù rẹ̀ ni wàhálà. Táyà á ti rọ̀ sísàlẹ̀ débi tí kò lè rọ̀ mọ́. Bó bá já sí kòtò, á dún gbàà lókè. Ṣáàfù tó ń yí táyà á tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, rọ́bà tó bò ó á ya, gíríìsì á fọ́n dànù, iyanrìn á wọlé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa dún ká-ká-ká bí ẹ bá ń kọ́nà. Ẹni tó ta ṣáàfù fún yín ní ọjà Ládìípọ̀ lẹ máa lọ bá jà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká yin àwọn èèyàn wa níbi tí ìyìn bá tọ́. Bó bá kan sípíríǹgì oníléwé tó wà lẹ́yìn Hilux àtàwọn ọkọ̀ akẹ́rù, mi ò tíì rí òyìnbó tó lè bá wọn dù ú. Wọ́n á yọ ewé kan lára ọkọ̀ tó ti kú, wọ́n á gé e sí ìwọ̀n, wọ́n á lu ihò àárín rẹ̀, wọ́n á tò ó mọ́ àwọn tó kù, wọ́n á fi bọ́ọ̀tì dè é pinpin. Wọ́n mọ iye ewé tí ẹrù iṣu ń fẹ́ àti èyí tí búlọ́ọ̀kù ń fẹ́. Níbí, inú páálí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, tòun ti ìwé àlàyé; bí ihò kan ò bá bára mu, wọ́n á dá a padà.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó nílé ni iṣẹ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Bí ara ọkọ̀ bá gòkè, ọ́ọ̀sì bíréèkì kò gùn sí i. Á dà bíi pé ó tó nígbà tí ọkọ̀ dúró, á wá nà tàntàn lọ́jọ́ tí táyà kan bá já sí gọ́tà. Pùròpẹ́là á dagun jù, á máa gbọn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á yẹ̀ díẹ̀ kúrò bí wọ́n ṣe tò ó, sítíárìn á máa rìn gbéregbère lórí eré. Níbí, àwọn tó mọṣẹ́ ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ìwé ló sì ń lé wọn. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà ń lọ ṣe ìdánwò MOT, wọ́n á yẹ ọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì wò. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ẹ ti gbé ọkọ̀ sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ ìjàǹbá lẹ lè mọ̀ pé asán lowó tẹ́ ẹ ti ń san. Nílé, VIO ń yẹ iná, táyà àti ìwé wò. Mi ò tíì rí èyí tó dọ̀bálẹ̀ wo ọ́ọ̀sì.

Ẹ má rò pé ìwà òmùgọ̀ ò sí lókè òkun o. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé imú ọkọ̀ sókè, wọ́n ń fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, títí awakọ̀ fi ń rí ojú ọ̀run ju ojú títì lọ. North Carolina fòfin de èyí tó bá fi íǹṣì 4 ga níwájú ju ẹ̀yìn lọ ní 2021. Virginia àti South Carolina tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tuntun tiẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tó ń fi bíréèkì mú táyà kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ bá fẹ́ yẹ̀. Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan láti orí ọkọ̀ ọdún 2012. 4Runner ọdún 1993 kò ní in. Ẹ wá gbé irú rẹ̀ sókè, ẹ di ẹrù sórí rẹ̀, ẹ gbé e wọ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní kìlómítà 120!

Àbúrò mi kan ní Ìjẹ̀bú kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi ra lift kit, íǹṣì mẹ́rin ni kí ẹ rà o." Mo ní kó kọ́kọ́ gbé tépù, kó wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó wọn 4Runner rẹ̀ láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ tó wà lókè rẹ̀, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òsì ẹ̀yìn fi íǹṣì kan lọ sílẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Mo fi sípíríǹgì ẹ̀yìn méjì ránṣẹ́, gíga ti ilé iṣẹ́ gan-an, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin àti bọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀tì iwájú padà síbi tó yẹ kó wà, kó sì ra táyà tó ga díẹ̀ sí i bí owó bá wà. Bí ọ̀nà bá ṣì ń bá a jà lẹ́yìn ìyẹn, ká wá jọ sọ̀rọ̀ íǹṣì méjì, tòun ti ọ́ọ̀sì gígùn. Ọkọ̀ náà ti dọ́gba báyìí, ikùn rẹ̀ kì í gbálẹ̀ mọ́ lórí gegele ẹnu ọ̀nà wọn. Ó kàn ń ráhùn pé ti aládùúgbò òun ṣì ga ju tòun lọ.