Bí Ọpọlọ Bá Kú, Ǹjẹ́ Ènìyàn Tún Lè Jí?

Ní PK8, àdúgbò kan ní Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùn tí orúkọ rẹ̀ ti ara òǹkà kìlómítà ojú ọ̀nà wá, alùpùpù tí wọ́n ń pè ní bensikin ń gbé èrò kiri, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kadà ti ń ṣe láàárín wa. Nígbà tí ẹni tí kò dé àṣíborí bá ṣubú, tí ó sì forí gbálẹ̀, ìbéèrè tí ẹbí ń bi dókítà kò yàtọ̀ ní Douala àti ní Ìbàdàn: àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èéṣe tí ẹ fi wí pé ó ti kú? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn tí ó yè kooro sì tọ́ sí wọn.

Kí ẹ̀rọ tí ń báni mí tó dé, èémí, ọkàn àti ọpọlọ kì í pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé ara wọn lọ. Ẹ̀rọ ni ó yà wọ́n nípa. Bí orí bá fara pa gidigidi, ọpọlọ a máa wú nínú agbárí tí kò lè fẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọpọlọ náà yóò kú, kò sì ní hù padà. Ṣùgbọ́n ọkàn ní agbára lílù ti ara rẹ̀; bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè máa lù fún ìgbà díẹ̀ sí i, ara òkú a sì máa gbóná. Ní 1959 ni Mollaret àti Goulon, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, ṣe àpèjúwe ipò yìí. Ní 1968, ìgbìmọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ pé ikú ni.

A kò gbọdọ̀ da èyí pọ̀ mọ́ kómà. Jean-Pierre Adams, ọmọ tí a bí ní Dakar tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Faransé, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ní Lyon ní oṣù kẹta ọdún 1982. Àṣìṣe ṣẹlẹ̀ nípa oògùn oorun tí wọ́n fún un, ọpọlọ rẹ̀ sì bàjẹ́. Bernadette, aya rẹ̀, tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ní gbogbo ọdún 39 wọ̀nyí, Adams ń dá mí fúnra rẹ̀: ìdí ọpọlọ rẹ̀ wà láàyè. Ẹni tí ó wà ní kómà lè jí, ó sì lè má jí. Ẹni tí gbogbo ọpọlọ rẹ̀ ti kú kì í jí.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Dókítà ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ba ọpọlọ jẹ́, kí ó sì rí i dájú pé kì í ṣe oògùn oorun, otútù ara tàbí oró ejò ni ó ń fara wé ikú. Nígbà náà ni yóò tan iná sí ojú, yóò fọwọ́ kan ẹyinjú, yóò da omi tútù sí etí, yóò wo ọ̀nà ọ̀fun bóyá yóò wúkọ́. Ní ìkẹyìn, yóò yọ ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó lè rí i bóyá àyà yóò wá èémí fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tilẹ̀ mira, okun inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí a bá yẹ̀ wò báyìí pé pérépéré, tí kò sì dáhùn sí ọ̀kankan, kò ní padà.

Nítorí náà, ohun méjì ni ó yẹ kí ẹbí dì mú. Kí àyẹ̀wò tó parí, kí wọ́n béèrè pé: kómà ni, tàbí ikú? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ó sì rí? Ilé ìwòsàn tí kò bá ní ohun èlò àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fi ìkánjú kéde ikú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ti parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ìlérí ẹni tí ó ní òun yóò jí òkú. Bí a bá ń sunkún, a a máa ríran.

Orílẹ̀-èdè tí ó ti gba ìjọba sí ọwọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a máa fi èdè àjèjì sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ìyá tí kò gbọ́ ọ. Kí àwọn dókítà fi èdè abínibí ṣàlàyé; kí àwọn olùkọ́ sì fi iṣẹ́ ọpọlọ kọ́ àwọn ọmọ, àti ìwúlò àṣíborí pẹ̀lú, nítorí ọpọlọ tí ó bá ti kú kò ní oògùn.