Ìgbọ̀nwọ́ Tó Ń Dunni: Ẹ Má Sáré Gba Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ ni mo gbé wá lóṣù yìí. Ẹni tí kò lè di ife tíì mú dáadáa, báwo ni yóò ṣe yan gààrí tí yóò fi san owó tó yá?

Àwọn dókítà ń pè é ní ìgbọ̀nwọ́ ẹlẹ́tẹ́níìsì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe kò gbá tẹ́níìsì rí. Iṣan tó so mọ́ eegun ẹ̀gbẹ́ ìta ìgbọ̀nwọ́ ló ń bàjẹ́, nítorí ohun kan náà tí a ń dì mú tí a sì ń yí lójoojúmọ́. Ayangààrí Ìjẹ̀bú-Igbó, télọ̀ Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tó ń fa àwọ̀n ní Ìwọpin, gbogbo wa ló kàn.

Bó bá ti ń dunni báyìí, kẹ́mísítì yá: “Ẹ gún mi ní èyí tó le!” N ò sọ pé abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣiṣẹ́ o. Ó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tanni jẹ. Lọ́dún 2002, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Netherlands gbé àbájáde ìwádìí lórí ènìyàn 185 jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba abẹ́rẹ́, 92 ti gbádùn. Ti àwọn tó lọ sọ́dọ̀ onífísíò jẹ́ 47 péré. Nígbà tó pé ọdún kan, ti físíò di 91, ti abẹ́rẹ́ já wá sí 69. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kàn ṣe sùúrù pàápàá jẹ́ 83! Owó sógúndogójì ni abẹ́rẹ́ yẹn: ó tètè dọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò dára.

Kí wá ni físíò? Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, kí ọwọ́ yọ síta létí tábìlì. Ẹ di ike omi kékeré mú. Ẹ fi ọwọ́ kejì bá a gbé e sókè, kí ẹ wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ka ení dé àrún. Ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lójoojúmọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Bó bá ń dunni díẹ̀, kò burú. Bó bá le sí i, ẹ dín omi inú ike kù. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri tàbí tó wú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ.

Ní tèmi, kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ wa, ká fi pe onífísíò kan láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù wá sípàdé. Ẹni tó ti Abígi wá, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè jẹ èrè ọjà ọjọ́ kan. Ká san owó ọkọ̀ ẹnì kan wá, àbí kí ogún ènìyàn máa wá a lọ? Ẹ jẹ́ ká dìbò lé e lórí ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.