Nígbà Tí Àjà Ọkọ̀ Bá Ń Já Lé Wa Lórí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti gbó ní Èkó, ní Kánò tàbí ní Oníṣà yóò ti bá ohun tí a fẹ́ sọ yìí pàdé. Aṣọ tí a fi bo àjà ọkọ̀ náà láti inú yóò ti tú, yóò sì máa fì wálẹ̀ sí orí àwọn èrò. Bí awakọ̀ bá sì gbójú sókè láti wo dígí, aṣọ ni yóò rí, kì yóò rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi pínnì gún un mọ́ òkè, wọn a sì máa bá tiwọn lọ.

Ìdí tí ó fi ń já kò farasin. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni a tẹ̀ bá òrùlé mu. Fóòmù tín-ín-rín ni ó sì wà láàárín pátákó náà àti aṣọ. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fóòmù yìí: bí ọdún ti ń gorí ọdún, a di ìyẹ̀fun, aṣọ kò sì ní ohun tí yóò dì mú mọ́. Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá kò mọ àrùn yìí, nítorí pé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi gbé àjà tirẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òde òní tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá ní ìlú òyìnbó, tí ó sì tún wá dúró sínú oòrùn tiwa, kò lè ṣàì fi àjà rẹ̀ sílẹ̀.

Ní àtijọ́, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá di báyìí a máa ronú àtirà òmíràn. Ọ̀nà náà ti há. Láti oṣù Kíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, a fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí ó ń lọ ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì ṣáájú ìgbà náà sì ti kọjá ₦1,400 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Dọ́là ni a fi ń ra tòkunbọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa sì mọ ìyókù. Ní ọdún 2020, àwọn ìjọba ECOWAS fẹnu kò pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ó máa kó wọlé kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ, wọ́n sì fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 10 láti mú un ṣẹ. Èrò rere ni, nítorí èéfín tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Síbẹ̀, bí tòkunbọ̀ bá wọ́n sí i, èyí tí ó wà nílé ni a ó máa lò pẹ́. Ta ni ó ń ro ti èyí tí ó wà nílé?

Nítorí náà ni a kò fi lè fi àwọn tí ń tú àjà ọkọ̀ wọn fúnra wọn ní àgbàlá ṣe ẹlẹ́yà. Iṣẹ́ náà kò ju agbára ẹni tí ó ní sùúrù lọ: a ó yọ ike ìbòòrùn, ìdìmú, iná inú ọkọ̀ àti ike tí ó bo àwọn òpó, a ó sì fa pátákó náà jáde láti ẹ̀yìn láìká a, nítorí pé ibi tí ó bá ti ṣẹ́ yóò hàn títí láé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìyẹ̀fun fóòmù àtijọ́. A gbọ́dọ̀ bo imú, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò pátápátá. Àwa náà san owó fún oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó fi gọ́ọ̀mù lé ìyẹ̀fun náà lórí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí aṣọ tuntun fi bá ti àtijọ́ lọ. Gọ́ọ̀mù tí oòrùn kò lè yọ́ ni kí a bèèrè; kí a fi ra pátákó àti ẹ̀yìn aṣọ, kí a dúró títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ìka, kí a tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ aṣọ náà láti àárín lọ sí etí.

Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba èrò là nígbà ìjàm̀bá wà ní kíká lẹ́bàá òrùlé. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ tú orí bátìrì, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. A kò sì gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù tàbí ìṣó kan etí àjà mọ́ irin, nítorí pé ibẹ̀ ni àpò náà yóò gbà jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́bàá títì ni a kò kọ́ ní nǹkan wọ̀nyí rí. Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ fi í kún ohun tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ọdún 10 tí ECOWAS fi sílẹ̀ tó pé.