Ẹ Jẹ́ Kí A Ya Àwòrán Ọkọ̀ Tí Ó Gbé Àwọn Bàbá Wa Wá sí Òkè Ọya

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti àwọn tí kì í wá sí ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni, àwọn àgbà ọkọ̀ elédùú tí ń tú èéfín nígbà ayé àwọn bàbá wa. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní, "Akọ̀wé, kí ni ti ọkọ̀ tí ó ti kú nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ní ọdún tí ó kọjá ni a sin bàbá wa kan, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀ka wa. Nígbà tí bàbá wà ní ọ̀dọ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, òun ni ẹni tí ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì. Kàdúná ni ó ti ṣiṣẹ́ títí tí ó fi fẹ̀yìn tì, kí ó tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Jabi níbí. Bí ìpàdé bá ti parí, bàbá a máa sọ fún wa bí ooru iná náà ti rí, bí wọ́n ti ń dúró bu omi sínú ẹ́ńjìnnì lọ́nà, àti pé orúkọ odò kan ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì òun. Àwa a máa rẹ́rìn-ín, a óò kí bàbá kú ìtàn, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó bi í pé, "Bàbá, odò wo ni?"

Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ wá àwòrán tí ó fi iṣẹ́ bàbá wọn hàn, wọn kò rí ẹyọ kan. Fọ́tò kékeré ti káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n fẹ̀ lójú tí wọ́n fi sí ara pátákó ìsìnkú. Orúkọ odò náà bá bàbá wọ ilẹ̀. Ó dùn wá, ó sì tì wá lójú, nítorí pé gbogbo wa ni a ní fóònù lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí bàbá fi ń sọ̀rọ̀.

Bàbá kò sì purọ́. Lẹ́yìn ogun Hitler, láti ọdún 1948, ni irú ẹ́ńjìnnì kan bẹ̀rẹ̀ sí dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iléeṣẹ́ Vulcan Foundry wà lára àwọn tí ó rọ wọ́n. River class ni orúkọ wọn, nítorí pé orúkọ odò ni wọ́n fi sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè Ìlà Oòrùn Áfíríkà fi wo àwòṣe wọn rọ tiwọn. Ọ̀kan nínú irú ti ọ̀hún wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Nairobi títí di òní, tí àwọn ènìyàn ń san owó láti wò ó, tí wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àbúrò ọkọ̀ bàbá wa ń gba àlejò ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwa kò sì ní àwòrán ti ẹ̀gbọ́n.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ni ó kan Jabi? Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ elédùú kò dé Jabi rí. Ọdún 1976 ni ìjọba yan ilẹ̀ Àbújá fún olú-ìlú, ìjọba àpapọ̀ kò sì kó dé ibí tán títí di oṣù Kejìlá ọdún 1991. Púpọ̀ nínú wa, bọ́ọ̀sì ni ó já wa sí páàkì Jabi pẹ̀lú àpò kan. Ṣùgbọ́n ta ni a wá bá? A wá nítorí pé ẹ̀gbọ́n wà ní Kàdúná, tàbí àbúrò bàbá wà ní Minna, tàbí ìyá àgbà ń tajà ní Kánò. Àwọn wọ̀nyẹn kò fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn wá.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀nà náà fún àwọn ọmọ wa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó. Ní oṣù Kẹta ọdún 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1907 ó dé Òṣogbo, ní ọdún 1908 ó dé Ìlọrin, ní ọdún 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya. Kí wọ́n tó parí afárá ibẹ̀ ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin kọjá. Ní Minna ni ọ̀nà láti Èkó ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Baro lọ sí Kánò, ní ọdún 1912 wọ́n sì sọ méjèèjì di rélùwéè kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ọmọ Ọ̀fà tí ó ní owó ọkọ̀ ti lè wọ ọkọ̀ nílé kí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Kánò. Ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni ọjà wà, ibi tí ọjà bá sì wà ni ẹ ó ti bá Yorùbá.

A kò sọ pé nítorí ìfẹ́ wa ni òyìnbó fi ṣe é. Nítorí ẹ̀pà, òwú àti kùsà ni. Ọ̀pọ̀ ni ó fi òógùn àti ẹ̀mí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Èyí gan-an ni ìdí tí ó fi yẹ kí àwa kọ ìyókù sílẹ̀.

Kí ni ó wá fa ìkánjú? Ẹ lọ wo irin ojú ọ̀nà tí ó wà ní Idu nítòsí wa níbí. Ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1926 kọ́, ọdún 2016 ni! Irin méjèèjì tí ọkọ̀ yìí ń rìn lé fi mìlímítà 1,435 jìnnà sí ara wọn. Ti ọ̀nà àtijọ́, 1,067 péré ni. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì bàbá wa kò lè rìn lórí ọ̀nà tuntun yìí láéláé. Ohun tí kò bá sì ní iṣẹ́ mọ́, ojú àwọn tí ń ra irin kọ́ńdẹ́mù ti wà lára rẹ̀. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìròyìn àwọn olè tí ń yọ irin ojú ọ̀nà tà. Bí wọ́n bá lè yọ irin tí ó wà nílẹ̀, kí ni yóò gba ẹ́ńjìnnì tí ó ń dípẹtà lọ́wọ́ wọn?

Àwọn ẹlòmíràn ti rí irú èyí, wọ́n sì ti tètè jí. Ní Wales, ní ọdún 1951, àwọn ará ìlú lásán, tí kò gba owó oṣù, ni ó gba ọ̀nà Talyllyn lọ́wọ́ ikú. Ó ṣì ń rìn. Nígbà tí Sàró pa rélùwéè tirẹ̀ tì ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ẹ́ńjìnnì kan láti ibẹ̀, nọ́ńbà 85, dé Wales, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Sàró fúnra rẹ̀ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Freetown ní ọdún 2005, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tí ó ṣẹ́ kù ní ilé iṣẹ́ àtijọ́. Bí ìlú tí ó la ogun kọjá bá lè ṣe èyí, a kò ní àwáwí.

Ọkùnrin ayafọ́tò kan wà ní Amẹ́ríkà, O. Winston Link ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1955 sí 1960 ni ó fi ń ya àwọn ọkọ̀ elédùú rélùwéè kan ní Virginia àti agbègbè rẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ti dísù rọ́pò wọn. Òru ni ó sábà máa ń yà wọ́n, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ gílóòbù iná. Ohun tí ó wù wá jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í ya irin nìkan. Ó ń ya àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọmọdé àti àwọn tí ilé wọn wà létí ọ̀nà. Ẹ ó rí ènìyàn níwájú, ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni àwa ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀bi ara wa kọ́ ọgbọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, ìtara mú wa, a lọ sí tẹ́ṣàn kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí a tó ya ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣọ́ ti gba fóònù lọ́wọ́ wa. Ó tó wákàtí méjì tí a fi ń ṣàlàyé, wọ́n sì pa gbogbo àwòrán rẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Inú bí wa. Nígbà tí a délé tí a rò ó, a rí i pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀daràn kọlu ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ, báwo ni ẹ̀ṣọ́ yóò ṣe mọ̀ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ẹni tí ń ya ọ̀nà rélùwéè? Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé onílé, àgò ni ó ń kọ́kọ́ ké.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí fún ìpàdé gbogbogbòò.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ ìwé ìyọ̀ǹda, tí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí, sí àwọn aláṣẹ rélùwéè fún tẹ́ṣàn àtijọ́ tí ó wà ní Minna, kí á má ṣe lọ kí ìdáhùn tó dé. Kí a kọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, níbi tí wọ́n tọ́jú ẹ́ńjìnnì kan sí láti ọ̀nà tóóró tí ó ti Zaria lọ sí Bukuru, èyí tí wọ́n tì pa ní ọdún 1957. Ẹni tí ó bá sì ń lọ sí Èkó fún ọdún, kí ó yà sí Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ilé náà, àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sì wà níbẹ̀.

Èkejì, kí a má ṣe dá nìkan lọ. Kí a mú àwọn àgbà tí ara wọn gbé e dání. Kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí níwájú tẹ́ṣàn tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a yà á, nítorí pé dúdú ni irin wọ̀nyí, bí oòrùn bá wà lókè orí, ẹ kò ní rí nǹkan kan bí kò ṣe òkùnkùn. Kí ẹ má gbàgbé láti ya nọ́ńbà àti orúkọ tí ó wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Fóònù a máa sọnù, a sì máa bàjẹ́. Kí a kọ orúkọ àgbà náà sẹ́yìn, pẹ̀lú ìlú rẹ̀, ọdún tí ó dé Òkè Ọya àti tẹ́ṣàn tí ó ti sọ̀kalẹ̀. Ẹyọ kan fún un, ẹyọ kan fún àpótí ẹgbẹ́.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí, pé owó ilé-ìwé àti owó ilé ń dúró. A gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a rí owó ra aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá, tí a wọ̀ ní ọjọ́ kan, tí a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, tí a sì ká a sínú àpótí. Owó aṣọ ènìyàn mẹ́wàá péré yóò gbé wa dé Minna, yóò gbé wa bọ̀, yóò sì tẹ gbogbo àwòrán náà.

Ọmọ tí a bí ní Jabi yóò dàgbà, ẹnì kan yóò sì bi í pé, "Báwo ni àwọn ẹ̀yin ṣe dé ibí?" Tí ó bá fa àwòrán yọ, tí ó ní, "Bàbá wa nìyí, ọkọ̀ tí ó gbé e wá nìyí, ọdún rẹ̀ nìyí," kò ní sí ẹni tí yóò pè é ní ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Bí kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, ohun tí ẹlòmíràn bá sọ nípa rẹ̀ ni yóò gbà.

Àgbà mẹ́ta ni ó ṣẹ́ kù ní ẹ̀ka wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ elédùú rí. A ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ìpàdé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni a óò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ẹ wá, kí ẹ sì mú àgbà ilé yín dání. Bí ẹnì kan bá sì bá wọn pàdé kí ọjọ́ náà tó dé, kí ó bi wọ́n ní orúkọ ẹ́ńjìnnì wọn.