Igbó Ẹyẹ Ti Di Ọjà: Àwọn Wo Ni Ń Pe Olùṣọ́ Igbó Ní Òmùgọ̀?

Kí àwọn Faransé tó sọ ibẹ̀ ní Treichville, Anoumabo ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igbó ẹyẹ. Lónìí, ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà Ọjà Ńlá Treichville ní ìlú Abidjan kò lè retí àtigbọ́ ohùn ẹyẹ igbó kankan níbẹ̀. Aṣọ ni, ẹja gbígbẹ ni, ata ni, ariwo àwọn oníṣòwò ni. Kò sí ẹni tí yóò bá ọjà jà nítorí pé ó jẹ́ ọjà. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bá jà ni ọ̀rọ̀ kan tí ó ti di àṣà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ní Treichville àti ní Èkó bákan náà, pé àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn láti ṣọ́ igbó àti ẹranko láìgba kọ́bọ̀, òmùgọ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n sì ń ṣe.

Irọ́ gbuu ni. Ẹ̀yà tí ó mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró kò lè sọ pé iṣẹ́ tí kò ní owó nínú jẹ́ àjèjì sí òun. Ta ni ó san owó fún àwọn tí wọ́n ń ro ọ̀nà odò? Ta ni ó san owó fún àwọn tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oko sí igbó orò? Èjìgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá Treichville ti wá, kò jìnnà sí Òṣogbo. Kí ìjọba tó sọ igbó Ọ̀ṣun di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965 ni Susanne Wenger, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, ti ń fi ògiri àti ère dí ọ̀nà mọ́ àwọn agégi àti àwọn tí ń wá ilẹ̀ tà. Òyìnbó ni Àdùnní ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí ó gbèjà, èèwọ̀ Yorùbá ni, pé kí ẹnikẹ́ni má dọdẹ, kí ó má pẹja, kí ó má dáko níbẹ̀. Ní 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó náà kún àwọn ohun iyebíye gbogbo ayé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ẹ̀rí láti ilẹ̀ Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀, kí ó lọ wo Tanoé-Ehy. Igbó àbàtà ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn, lẹ́bàá ààlà Ghana, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 12,000 hẹ́kítà. Ẹdun, ẹranko tí Yorùbá ń fi ìbejì wé, ń gbé inú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀bọ mìíràn tí ó ṣọ̀wọ́n ju ti ibikíbi lọ. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ ro ọ̀pọ̀ nínú igbó yìí láti gbin ọ̀pẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ní owó, ó sì mọ àwọn ènìyàn ní ààfin. Kí ni àwọn ará abúlé ní? Wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n sì ní Inza Koné, ọmọ Côte d'Ivoire, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọ̀bọ. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo títí ó fi dé òkè òkun, ilé-iṣẹ́ náà sì kó ẹrù rẹ̀ padà. Àwọn ọmọ abúlé wọ̀nyí ni ó ń yan ara wọn láti máa rìn yí igbó náà ká, nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń já tàkúté àwọn ọdẹ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìjà náà kí ìjọba tó fi òfin dá ibẹ̀ mọ̀. Nínú àwọn ará abúlé àti àwọn aṣòfin tí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ta ni òmùgọ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, igbó Côte d'Ivoire tó nǹkan bí mílíọ̀nù 16 hẹ́kítà. Ní 1990, ó ti di 7.8 mílíọ̀nù; ní 2015, 3.4 mílíọ̀nù, nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2021, kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta mọ́. Kòkó ni ó jẹ ẹ́ jù, nítorí orílẹ̀-èdè yìí ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún kòkó gbogbo ayé. Eyín erin ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ, Erin ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Síbẹ̀ ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 fi hàn pé nínú igbó 25 tí òfin dáàbò bò tí wọ́n yẹ̀ wò, mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí àmì erin. Yorùbá ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Ní Côte d'Ivoire, fìrí náà gan-an ti ń wọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láti 1974 ni ìjọba Côte d'Ivoire ti fi òfin de ọdẹ ṣíṣe, ṣùgbọ́n òfin náà kò lé ẹran ìgbẹ́ kúrò nínú ìkòkò àwọn olóúnjẹ Abidjan. Ìgbà tí àrùn Ebola dé sí àwọn ilẹ̀ ìtòsí ní 2014 ni wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ẹran náà lọ́wọ́ kò. Ní 2016 wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ní ọdún 2016 kan náà, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ jáde kúrò nínú igbó Mont Péko, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Ó tọ́ kí igbó náà bọ́ lọ́wọ́ kòkó. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ra kòkó inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èwo nínú wọn ni ó sun ìta ní òru ọjọ́ kan? Ìjọba tí ó bá ń yin àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ní gbangba, tí kò sì fún wọn ní bàtà àti oògùn ejò, ẹ̀yìn tálákà ni ó ń sá pamọ́ sí.

Àwọn Àǹàgó Treichville, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, ní àwíjàre tiwọn: àlejò ni àwọn, ọ̀rọ̀ igbó jẹ́ ti onílẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí bí wọ́n ti lé àwọn ará Dahomey àti Togo ní Abidjan ní 1958 kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà ti tajà níbẹ̀ kì í ṣe àlejò omi tí ó ń mu. Igbó Banco wà ní àárín Abidjan gan-an. Ó lé ní 3,400 hẹ́kítà, láti 1953 ni ó ti jẹ́ ọgbà ìjọba, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì wà lára omi tí ìlú náà ń mu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹgbẹ́ tí ó lè dá aṣọ ẹbí fún igba ènìyàn lè rán ọ̀dọ́ mẹ́wàá lọ gbin igi ní Banco ní ọjọ́ Sátidé, ìyá ìbejì sì lè kéde ní ìsọ̀ rẹ̀ pé ẹran ẹdun kò ní wọ ìkòkò òun.

Kí ará ilé má sì rò pé ẹjọ́ ará Abidjan nìkan ni èyí. Igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, ṣì ní erin nínú, bẹ́ẹ̀ ni ayùn agégi àti oko kòkó ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò ní agbègbè náà, kí wọ́n bi í ní gbangba iye olùṣọ́ tí yóò gbà sí iṣẹ́, iye owó oṣù wọn, àti bóyá àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn yóò ní bàtà ní ẹsẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.